Súpánófà àti Orúkọ Wọn: Ìtàn Bí A Ṣe Pín Àwọn Ìràwọ̀ tí Ń Bú Gbàmù sí Ìsọ̀rí

Ìràwọ̀ a máa kú. Òmíràn a kú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ̀yinná tí ń di eérú. Òmíràn a bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun nìkan fi lè mọ́lẹ̀ bí ọ̀kẹ́ àìmọye ìràwọ̀ tí ó yí i ká. Èyí tí ó bú gbàmù yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní súpánófà. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìmọ̀ ìràwọ̀ ti òde òní yóò bá orúkọ ìsọ̀rí wọn níbẹ̀: Irú Ia, Irú Ib, Irú Ic, àti Irú II pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́kọ́ rí orúkọ wọ̀nyí yóò rò pé ọmọ ìyá kan náà ni Ia, Ib àti Ic, àti pé àjèjì ni II jẹ́ láàárín wọn. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ib àti Ic ni wọ́n bá II tan tímọ́tímọ́. Ia nìkan ni ó wà ní ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Orúkọ wọn kò bá ìran wọn mu.

Ohun tí ó fa èyí ni pé a ti sọ wọ́n lórúkọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Àwọn Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò rí ilé wò, ojú ọmọ nìkan ni wọ́n rí. Bí orúkọ náà ṣe dé, ibi tí ó ti ṣi wọ́n lọ́nà, àti ibi tí ó ti ràn wọ́n lọ́wọ́ ju bí wọ́n ti lérò lọ, kì í ṣe ọ̀ràn àwọn onímọ̀ díẹ̀ nìkan. Ní ìgbà kan, àṣìpín àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí àgbáyé kéré lójú ọmọ ènìyàn ju bí ó ti rí lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ojú ènìyàn ti rí súpánófà tipẹ́tipẹ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn ọba ní òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa wo ojú ọ̀run ní alaalẹ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀. Ìràwọ̀ tí ó bá yọ níbi tí kò sí ìràwọ̀ tẹ́lẹ̀, ìràwọ̀ àlejò ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1006, ọ̀kan yọ tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo èyí tí ìwé ìtàn mẹ́nu bà lọ. Ali ibn Ridwan, oníṣègùn ará Íjíbítì, rí i nígbà èwe rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lọ díẹ̀. Ní ọdún 1054, àwọn ará Ṣáínà tún rí òmíràn tí ó hàn ní ọ̀sán gangan fún ọjọ́ 23, tí kò sì parẹ́ lójú alẹ́ fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìkùukùu tí ó fi sílẹ̀ ń fẹ̀ sí i títí di òní. Akàn ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ, nítorí bí ó ti rí lójú ẹnì kan tí ó yà á.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ìtàn yìí ni ti ọdún 1572. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, Tycho Brahe, ọmọ ìjòyè kan ní Dẹ́ńmáàkì, gbójú sókè, ó sì rí ìràwọ̀ kan nínú àkójọ ìràwọ̀ Cassiopeia tí kò sí níbẹ̀ rí. Ó mọ́lẹ̀ bí Àgùàlà, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ajá òṣùpá. Ẹ̀kọ́ Aristotle, tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù ń tẹ̀ lé nígbà náà, ni pé ohun gbogbo tí ó ga ju òṣùpá lọ kì í yí padà láéláé. Tycho wọn ipò ìràwọ̀ náà ní alaalẹ́, ó rí i pé kò yẹ̀ ní ipò rẹ̀ rárá láàárín àwọn ìràwọ̀ yòókù bí ì bá ti yẹ̀ bí ó bá sún mọ́ ayé bí òṣùpá ti sún mọ́ ọn. Nítorí náà ó jìnnà ju òṣùpá lọ, ojú ọ̀run sì ń yí padà. Ní ọdún 1573 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní èdè Látìn, nínú èyí tí ó ti pè é ní ìràwọ̀ tuntun. Nova ni Látìn fún tuntun, láti ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà nófà ti wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó tún níye lórí ju àríyànjiyàn rẹ̀ pẹ̀lú Aristotle lọ ni pé títí tí ìràwọ̀ náà fi parẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1574, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti àwọn ìràwọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò mọ ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún.

Òmíràn yọ ní ọdún 1604, Johannes Kepler sì kọ ìwé lé e lórí. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà ni Galileo gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú ọ̀run. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ọmọ ènìyàn ní irin iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí àlejò ti lọ tán, nítorí pé láti ìgbà Kepler títí di òní, kò tún sí súpánófà kan nínú agbo ìràwọ̀ tiwa tí gbogbo ayé jáde wò bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1885, ìràwọ̀ kan yọ ní àárín ìkùukùu Andromeda. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu náà lódindi. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ dájú nígbà náà ohun tí Andromeda í ṣe. Àwọn kan ní ìkùukùu lásán ni, nínú agbo ìràwọ̀ tiwa. Àwọn mìíràn ní agbo ìràwọ̀ mìíràn gedegbe ni, tí ó jìnnà réré. Láàárín àkókò yìí, àwọn onímọ̀ ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìràwọ̀ tí ń ru sókè ní ìmọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ọjọ́ tí wọ́n sì ń padà sí bí wọ́n ti wà. Gbogbo wọn ni wọ́n pè ní nófà. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n fún ìràwọ̀ ti 1885. Níbẹ̀ ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1920, ní Washington, Harlow Shapley àti Heber Curtis jíròrò ní gbangba lórí bí àgbáyé ti tóbi tó. Shapley gbà pé agbo ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà. Lára ẹ̀rí rẹ̀ ni nófà ti Andromeda: bí Andromeda bá jìnnà bí Curtis ti wí, a jẹ́ pé nófà náà mọ́lẹ̀ ju bí làákàyè ti lè gbà lọ, nítorí náà Andromeda kò jìnnà. Ọgbọ́n náà gún régé. Ibi tí ó ti wọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, pé nófà kan náà ni gbogbo wọn. Curtis ní kò ṣòro kí nófà jẹ́ oríṣi méjì, Knut Lundmark ará Sweden náà sì ń ronú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Edwin Hubble ni ó parí ìjà náà ní òpin ọdún 1924, nígbà tí ó fi àwọn ìràwọ̀ kan tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò nínú Andromeda wọn bí ó ti jìnnà tó. Ìwọ̀n ti òde òní jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù méjì àbọ̀ ọdún-ìmọ́lẹ̀. Bí Andromeda bá jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ìràwọ̀ ti 1885 kì í ṣe ẹgbẹ́ nófà rárá. Orúkọ kan tí a fún ohun méjì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tì ọmọ ènìyàn mọ́ inú agbo ìràwọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn ọkùnrin méjì tí ìwà wọn kò jọ ara wọn ni ó fún ohun ńlá yìí ní orúkọ tirẹ̀. Fritz Zwicky, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí a bí ní Bulgaria, jẹ́ ẹni tí ahọ́n rẹ̀ mú bí abẹ. Walter Baade, ọmọ Jámánì, jẹ́ onísùúrù tí ń fi ọ̀pọ̀ òru jókòó ti àwòrán kan ṣoṣo. Ní California ni wọ́n ti pàdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1933 ni wọ́n gbé èrò wọn ka iwájú àpérò àwọn onímọ̀ físíìsì ní Stanford, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1934. Wọ́n ní súpánófà yàtọ̀ sí nófà. Wọ́n tún ní ìràwọ̀ tí ó wó lulẹ̀ sínú ara rẹ̀ ni súpánófà, àti pé ohun tí ó ń kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìràwọ̀ kékeré tí ó le gírígírí, tí a fi kìkì níútírọ̀nù ṣe. Ọdún 1932 ni James Chadwick ṣẹ̀ṣẹ̀ rí níútírọ̀nù! Àròsọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ọdún 1967 ni Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, rí àmì àkọ́kọ́ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni a sì rí ọ̀kan nínú ìkùukùu Akàn, ní ibi tí àwọn ará Ṣáínà ti rí àlejò wọn ní 1054.

Èrò kò tó. Wọ́n nílò súpánófà púpọ̀ láti fi wé ara wọn. Ìràwọ̀ kan nínú agbo kan lè má bú gbàmù fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ rí wọn ní láti máa ṣọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún agbo lẹ́ẹ̀kan náà. Awò tí ó lè ṣe èyí ti ọwọ́ Bernhard Schmidt wá, ará Estonia tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Hamburg, ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti gé nígbà èwe, tí ó sì ń fi ọwọ́ òsì dán dígí tí ó dára ju ti ẹni ọlọ́wọ́ méjì lọ. Awò tirẹ̀ ń rí apá ọ̀run tí ó gbòòrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1936 ni wọ́n gbé ọ̀kan kalẹ̀ lórí òkè Palomar, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 46. Zwicky àti Josef Johnson a máa ya àwòrán apá ọ̀run kan náà léraléra, wọn a sì fi tuntun wé ti àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1937 ni wọ́n mú ẹran ńlá: súpánófà kan nínú agbo kékeré tí ń jẹ́ IC 4182, tí ó mọ́lẹ̀ ju gbogbo agbo náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Bí Zwicky ti ń rí wọn, Baade ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ wọn ti ń dínkù, Rudolph Minkowski sì ń tú ìmọ́lẹ̀ náà palẹ̀. Minkowski ti mọ Baade ní Hamburg. Ìran Júù ni, ìjọba Hitler sì ni ó lé e dé California ní ọdún 1935. Iṣẹ́ tirẹ̀ gba àlàyé díẹ̀. Bí òjò ti ń tú ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí òṣùmàrè, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ kan wà tí ó lè tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ sí òṣùmàrè tirẹ̀. Nínú òṣùmàrè yìí ni ìlà tínńtín-tínńtín máa ń wà, òmíràn dúdú, òmíràn mọ́lẹ̀. Ìlà wọ̀nyí dà bí ilà ojú láyé àtijọ́: bí àbàjà tàbí pélé ti ń sọ ìdílé tí ẹnì kan ti wá kí ó tó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ìlà inú òṣùmàrè ń sọ ohun tí ó wà nínú ìràwọ̀. Háídrójìn ní ilà tirẹ̀, hílíọ̀mù ní tirẹ̀, irin ní tirẹ̀. Kò sí èyí tí ó ń jalè ilà ẹnìkejì.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni gbogbo súpánófà. Òṣùmàrè wọn gbòòrò, ó rú pọ̀, kò sì sí ilà kan nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kà. Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 1940 dé, nínú agbo NGC 4725: ilà háídrójìn hàn lójú rẹ̀ kedere. Ní ọdún 1941, Minkowski tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí súpánófà 14. Mẹ́sàn-án nínú wọn jọ ara wọn bí ìbejì. Ó pè wọ́n ní Irú I. Márùn-ún yòókù yàtọ̀. Ó pè wọ́n ní Irú II. Ó fi kún un pé orúkọ fún ìgbà díẹ̀ ni. Orúkọ ìgbà díẹ̀ náà ti lé ní 80 ọdún báyìí, kò sì tíì sí ẹni tí ó rí i yí padà.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe àti ohun tí kò ṣe. Kò sọ pé òun mọ ohun tí ó fa ìbúgbàmù kankan. Kò tilẹ̀ lè ka ilà ojú Irú I, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ni wọ́n pọ̀ jù. Ohun tí ojú rí ni ó fi pín wọn, ó sì dúró níbẹ̀. Ọgbọ́n ni èyí. Síbẹ̀, àléébù kan fara pamọ́ sínú ìpín náà. Irú II ni a fi ohun tí ó ní sọ lórúkọ. Irú I ni a fi ohun tí kò ní sọ lórúkọ. Orúkọ tí a fi àìní sọ, àpò ńlá ni: ohunkóhun tí kò bá ti ní háídrójìn, inú rẹ̀ ni yóò bọ́ sí.

Baade ní tirẹ̀ padà sọ́dọ̀ Tycho. Ní ọdún 1945, ó kó gbogbo àfiwé tí ará Dẹ́ńmáàkì náà ti kọ sílẹ̀ jọ, ó sọ wọ́n di ìwọ̀n ti òde òní, ó sì ya bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ṣe dínkù láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ó jọ ti Irú I. Ẹni tí ó ti kú láti ọdún 1601 ti bá àwọn alààyè ṣiṣẹ́.

Zwicky kò fẹ́ kí ìpín náà mọ sí méjì. Ní ọdún 1965 ó ti kà á dé márùn-ún, Irú III, IV àti V sì ní ẹyọ kan tàbí díẹ̀ péré nínú. Kò sí ẹni tí ó tún ń lò wọ́n lónìí. A ti tú wọn padà sínú Irú II, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Irú V, tí ó fi ìràwọ̀ Eta Carinae àti ti ọdún 1961 kan sí, ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ẹni tí ó rí súpánófà tí ó ju 100 lọ kí ó tó kú ní ọdún 1974 ní ẹ̀tọ́ láti pín wọn bí ó ti fẹ́. Ṣùgbọ́n kí a dá ìsọ̀rí kan sílẹ̀ nítorí ẹyọ kan, ó jọ kí a dá ìlú sílẹ̀ nítorí àgbẹ̀ kan.

Nígbà náà ni àwọn tí ń wá ìdí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1960, Fred Hoyle ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti William Fowler ará Amẹ́ríkà kọ ìwé pé ọ̀nà méjì ni ìràwọ̀ ń gbà bú gbàmù. Ọ̀nà kan ni ti ìràwọ̀ ńlá, èyí tí a mọ̀ lónìí pé ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ ti oòrùn. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa jó háídrójìn inú rẹ̀ di hílíọ̀mù, hílíọ̀mù di kábọ̀n àti ọ́síjìn, títí yóò fi kan irin ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Irin kò ṣeé jó fún ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí iná àárín bá ti kú, kò sí ohun tí yóò gbé ìràwọ̀ náà ró mọ́. Àárín rẹ̀, tí ó tóbi bí ayé, a wó sínú ara rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́, ara òde a sì fò dànù. Ọ̀nà kejì ni ti aràrá funfun, òkú ìràwọ̀ kékeré tí ó kún fún kábọ̀n àti ọ́síjìn. Nínú ọkọ̀ ojú omi láti Íńdíà lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1930 ni Subrahmanyan Chandrasekhar, tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí ó fi hàn pé aràrá funfun kò lè wúwo ju nǹkan bí ìlọ́po 1.4 ti oòrùn lọ. Bí aràrá náà bá ń gba ẹrù lọ́wọ́ ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí tí ó fi sún mọ́ ìwọ̀n yìí, kábọ̀n inú rẹ̀ a gbiná lódindi, a sì fọ́ yángá láìṣẹ́kù. Èyí ni ti Irú I, wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Ti ìràwọ̀ ńlá ni Irú II. Ibi tí wọ́n ti ń rí wọn kín èrò náà lẹ́yìn: nínú àwọn agbo ìràwọ̀ arúgbó tí kì í bí ìràwọ̀ mọ́, Irú I ni wọ́n ń rí, Irú II kì í sábà kúrò ní ibi tí ìràwọ̀ ti ń bí ìràwọ̀.

Ó kù kí a mọ ohun tí ń mú Irú I tàn fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ìbúgbàmù ti parí. Titus Pankey kọ ọ́ sínú ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní ọdún 1962, ní Yunifásítì Howard ní Washington, èyí tí a dá sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, pé níkẹ́lì ni. Níkẹ́lì tí ìbúgbàmù náà ń ṣe kì í dúró jẹ́ẹ́: láàárín ọjọ́ 6, ìdajì rẹ̀ a ti di kóbọ́ọ̀tì, láàárín ọjọ́ 77, ìdajì kóbọ́ọ̀tì náà a ti di irin, bí wọ́n sì ti ń yí padà ni wọ́n ń tú agbára jáde. Kò sí ẹni tí ó kọbi ara sí i. Ní ọdún 1969, Stirling Colgate àti Chester McKee gbé èrò kan náà jáde, ó sì di ohun tí gbogbo ayé gbà. Púpọ̀ nínú irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń rọ láti ayébáyé, níkẹ́lì súpánófà ni nígbà kan rí. Ní àkókò kan náà, ní Mọ́síkò, Yuri Pskovskii ka ilà kan lójú Irú I tí ó ti sú àwọn aṣáájú rẹ̀: ti sílíkọ̀n ni. Ohun tí ó mú un ṣòro ni pé ohun tí ó ń fò jáde náà ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa ní nǹkan bí 10,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, eré náà sì ti ti ilà náà kúrò ní ipò rẹ̀.

Kíkà tí wọ́n ka ilà yìí ni ó ya àpò Irú I. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni Francesco Bertola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Asiago, ní Ítálì, ti ń rí Irú I kan-kan tí ilà yìí kò sí lójú wọn. Àràmàǹdà ni wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òmíràn tún yọ ní ọdún 1983 nínú agbo M83, àti òmíràn ní ọdún 1984, kò tún ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. Kò sí háídrójìn lójú wọn, kò sí sílíkọ̀n tí ó gbòòrò. Hílíọ̀mù ni àwọn onímọ̀ kà níbẹ̀ níkẹyìn. Wọ́n tún ń ṣe baìbaì ju àwọn yòókù lọ. Ohun tí ó wá kọ àwọn onímọ̀ lóminú jù lọ ni ibi tí wọ́n ń gbé: àárín àwọn ìràwọ̀ ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ní àdúgbò Irú II gan-an. Ní ọdún 1985 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Irú Ib, wọ́n sì pe àwọn onísílíkọ̀n ní Irú Ia. Láìpẹ́ ni a rí àwọn tí kò ní hílíọ̀mù pàápàá. Irú Ic ni wọ́n.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò pẹ́ láti yé ni. Ìràwọ̀ ńlá ni Ib, ìràwọ̀ ńlá ni Ic. Àárín wọn wó bí ti Irú II. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé kí wọ́n tó kú, atẹ́gùn ara wọn tàbí ìràwọ̀ ẹnìkejì wọn ti bọ́ aṣọ háídrójìn kúrò lọ́rùn wọn. Ic sì ti pàdánù aṣọ hílíọ̀mù náà pẹ̀lú. Minkowski fi aṣọ mọ ènìyàn, ìhòòhò méjì tí ìyá kò bí pọ̀ sì wọ àpò kan náà. Kò sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lára àwọn 14 tí ó fún un ní ìdí láti fura.

Ìràwọ̀ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́rìí. Ní oṣù Kejì ọdún 1987, ọ̀kan bú gbàmù nínú Ìkùukùu Ńlá ti Magellan, tí ó jìnnà tó nǹkan bí 168,000 ọdún-ìmọ́lẹ̀. Ian Shelton àti Oscar Duhalde wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i, ní Las Campanas ní Chile. Háídrójìn wà lójú rẹ̀: Irú II. Wákàtí díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ tó dé, àwọn ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ ní Japan, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà mú nìùtrínò tí ó lé díẹ̀ ní 20, èyí tí kò lè ti ibòmíràn wá ju inú ìràwọ̀ tí ó wó lọ. Ohun tí Zwicky àti Baade wí ní 1933 ti dé ọwọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, òmíràn yọ nínú agbo M81 tí ó ní háídrójìn ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ háídrójìn rẹ̀ rẹ̀yìn, hílíọ̀mù sì gba ojú rẹ̀. Irú II ni nígbà tí a bí i, Irú Ib ni nígbà tí ó dàgbà. IIb ni wọ́n pe irú rẹ̀. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo ti rékọjá ààlà tí Minkowski fà, ó sì fi hàn pé ààlà náà kò sí láàárín Ib àti II ju fífẹ́lẹ́ aṣọ lọ.

Àwọn tí ń fi súpánófà wọn ọ̀nà ni ìyapa yìí ṣe lóore jù. Bí a bá mọ bí fìtílà kan ti mọ́lẹ̀ tó gan-an, bí ó ti ń ṣe baìbaì lójú ni yóò sọ bí ó ti jìnnà tó. Ní ọdún 1968, Charles Kowal fi Irú I dán èyí wò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ tú káàkiri. Lára ohun tí ó bà á jẹ́ ni pé fìtílà tí kò dọ́gba ni ó wà nínú àpò. Nígbà tí a kó Ib àti Ic kúrò, ó kù Ia, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní ọdún 1993, Mark Phillips, ní Chile, tún fi hàn pé Ia tí ó mọ́lẹ̀ jù a máa dínkù díẹ̀díẹ̀, èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ a sì tètè dínkù. Nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó kù ṣeé tún ṣe. Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí ni ẹgbẹ́ méjì, ti Saul Perlmutter àti ti Brian Schmidt pẹ̀lú Adam Riess, fi wọ àwọn súpánófà tí ó jìnnà jù lọ. Ní ọdún 1998 wọ́n kéde pé wọ́n ṣe baìbaì ju bí ó ti yẹ lọ: àgbáyé kò kàn ń fẹ̀ nìkan, fífẹ̀ rẹ̀ ń yára sí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2011. Bí Ib díẹ̀ bá wà láàárín àwọn fìtílà wọn láìmọ̀, bí ó ti ń ṣe baìbaì ju Ia lọ yẹn, ìràwọ̀ tí ó wà nítòsí ni wọn ì bá pè ní èyí tí ó jìnnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ilà sílíkọ̀n lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n tó gbà á.

Ní ọdún 2008 ni wọ́n padà sọ́dọ̀ Tycho lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kàn án lójú ní 1572 ti kọjá ayé lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, ó lọ kọ lu eruku ojú ọ̀run, ó sì ṣẹ́rí padà wá gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn ti ń dáhùn láti ara àpáta. Ọdún 436 ni ó fi pẹ́ ju èkejì rẹ̀ lọ. Oliver Krause àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò Subaru tí ó wà ní Hawaii gba ìmọ́lẹ̀ àfẹ́yìntì yìí, wọ́n sì tú u palẹ̀ sí òṣùmàrè. Kò sí háídrójìn níbẹ̀, sílíkọ̀n wà. Irú Ia ni. Ohun tí Baade ti fi àkọsílẹ̀ ojú lásán sọ ní 1945 ni ilà ojú rẹ̀ jẹ́rìí sí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó gbé ẹrù lé aràrá funfun ti Tycho lórí? Àwọn kan ní ìràwọ̀ lásán ni. Àwọn mìíràn ní aràrá funfun méjì ni wọ́n ń yí ara wọn po títí wọ́n fi kọ lu ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ó yẹ kí ẹnìkejì náà ṣì wà láàyè láàárín ahoro ìràwọ̀ náà. Ní ọdún 2004, Pilar Ruiz-Lapuente àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nawọ́ sí ìràwọ̀ kan níbẹ̀ tí ó jọ oòrùn, tí ó ń sáré ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, wọ́n ní òun ni. Àwọn mìíràn wo ìràwọ̀ kan náà, wọ́n ní òun kọ́. Àríyànjiyàn náà kò tíì tán.